Bí wọ́n ṣe ń mú kí stock oníke ti ìbọn olówó pọ́ọ́kú le

Àwọn ìbọn ráífù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fáwọn ọdẹ ní Amẹ́ríkà, bíi Savage Axis, Ruger American àti Remington 783 tó jáde ní 2013, ọ̀pá wọn kì í ṣe ọ̀pá yẹ̀yẹ́ rárá, ó lè gbé ọta síbi tí wọ́n bá fojú sùn dáadáa. Ibi tí ilé iṣẹ́ ti fẹ́ dín owó kù ni stock, ìyẹn ara ìbọn tí èèyàn ń dì mú tó sì ń fi ìdí ẹ̀ ti èjìká. Ṣakabùlà tiwa tiẹ̀ ní igi gidi nídìí, àmọ́ tàwọn wọ̀nyí ike ni. Wọ́n á yọ́ ike, wọ́n á fi agbára tì í sínú móòdù irin, ó di stock. Ike tó bá sì ti nípọn jù máa ń pẹ́ kó tó tutù, ó máa ń súnkì, ara ẹ̀ á wá jìn kòtò kòtò, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá inú ẹ̀ sí ihò, tí wọ́n á kàn fi ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ẹ̀. Ẹni tó bá yọ irin ìbọn kúrò tó wo iwájú stock látòkè, kòtò lásán ló máa rí.

Kí wá ni wàhálà ibẹ̀? Nígbà tí ọta bá ń kọjá, ọ̀pá ìbọn máa ń gbọ̀n, tó bá sì ń gbọ̀n bákan náà ní gbogbo ìgbà, ojú kan náà ni ọta á máa bà. Kó lè rí bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan tó ń kàn án láti ibi tó ti kúrò lára ẹ̀rọ ìbọn (irin tí wọ́n ń ki ọta sí) títí dé ẹnu. Tí ìbọn bá jókòó jẹ́jẹ́ lórí àpò iyanrìn, ó lè má sí ìṣòro. Ìgbà tí wọ́n bá so ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní bípọ́ọ̀dù mọ́ ọn, tí èèyàn wá fi èjìká tì í síwájú, ni iwájú stock máa tẹ̀ sókè táá lọ fara kan ọ̀pá. Okùn tí wọ́n fi ń gbé ìbọn kọ́ náà ń ṣe tiẹ̀, tí wọ́n bá fà á le, á fà á wálẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọta kìíní lọ síbí, ìkejì lọ sọ́hùn-ún, olówó ìbọn á wá máa bú awò orí ẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Torí náà yíyẹ̀ ẹ́ wò ló kọ́kọ́ yẹ. Kí wọ́n tú ọta kúrò nínú ìbọn, kí wọ́n yọ bolt ẹ̀, ìyẹn irin tó ń ti ọta wọnú ọ̀pá, kí wọ́n wá ki bébà dọ́là kan sábẹ́ ọ̀pá kí wọ́n fà á lọ sẹ́yìn. Tó bá kọjá láìfọhùn, kí wọ́n gbé ìbọn lé bípọ́ọ̀dù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ yìn ín, kí wọ́n tún fà á. Bó bá ń kọjá síbẹ̀, kò sí iṣẹ́ tó kù fún iwájú stock yẹn jàre. Tó bá sì jẹ́ pé ó kàn há díẹ̀ ni, nígbà míì sánpépà tí wọ́n wé mọ́ igi róbótó kan ti tó láti fẹ ojú kòtò yẹn sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Èyí tó bá wá ń tẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á po epoxy, gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì bíi Araldite, wọ́n á dà á kún kòtò yẹn fọ́fọ́, wọ́n á ní ó ti le. Ó máa wúwo ni, kò ní fi bẹ́ẹ̀ le tó wọn ṣe rò, torí epoxy lásán ò fi bẹ́ẹ̀ le ju ike náà lọ. Alumíníọ̀mù le jù ú lọ ní ìlọ́po 20 àti jù bẹ́ẹ̀, carbon fiber tí wọ́n to gbọọrọ tún lè ju alumíníọ̀mù. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tàbí ti carbon tí wọ́n bá tẹ́ sínú kòtò yẹn ló ń ṣiṣẹ́, epoxy kàn ń dì wọ́n mú ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé igi ọfà carbon tó ti bàjẹ́, tí wọ́n á tẹ́ ẹ gbọọrọ sínú kòtò, ó rọrùn láti rí, kò sì wọ́n.

Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí tún ṣe pàtàkì. Nǹkan tó bá ga ní ìlọ́po méjì máa ń le ní ìlọ́po 8 tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kí ọ̀pá kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí méjì wà lókè nítòsí etí ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sàn ju kí gbogbo wọn kó jọ sáàárín. Kí wọ́n sì gùn sẹ́yìn títí dé ibi tí iwájú stock ti pàdé ibi tí ẹ̀rọ ìbọn jókòó sí, torí ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń tẹ̀, ẹni tó bá fi ọ̀pá mọ síwájú ti fowó ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yíyí náà wà níbẹ̀ o: páálí tí wọn ò pa ẹnu ẹ̀ dé, ó rọrùn láti lọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ pa, ó di nǹkan míì. Bákan náà, tí wọ́n bá fi ìdérí tẹ́ẹ́rẹ́ carbon tàbí fiberglass lẹ orí kòtò yẹn pa lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, stock ò ní rọrùn láti lọ́ mọ́.

Ike wá ni alágídí, pàápàá polypropylene, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á fi sánpépà ha inú ẹ̀, wọ́n á fi spirit nù ún, wọ́n á fi dírììlì lu ihò wẹ́wẹ́ sára àwọn ògiri dábùú yẹn, kí epoxy lè gba inú ẹ̀ kọjá kó sì há síbẹ̀. Epoxy tó ń gan pẹ́ ló dáa, torí èyí tó ń gan níṣẹ́jú márùn-ún máa ń gbóná gan-an tó bá pọ̀ lójú kan, ó lè mú kí stock wọ́. Kí wọ́n dà á díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀kan tutù kí wọ́n tó da òmíì lé e.

Ibi tí ẹ̀rọ ìbọn jókòó sí sì tún ju iwájú lọ, lójú tèmi. Skúrù tí wọ́n fi dè é mọ́ ike máa ń fún ike pọ̀, ike á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, skúrù á sì tú. Wọ́n á lu ihò skúrù fẹ̀ sí i, wọ́n á fi tube alumíníọ̀mù sí i, kó jẹ́ pé irin ló ń ti irin. Wọ́n á wá tẹ́ epoxy pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀rọ níwájú, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e kó mú ìrísí ẹ̀. Ruger American ti ní irin onígun V tó ń ṣe iṣẹ́ yìí látilé iṣẹ́, kí wọ́n má wulẹ̀ dà á láàmú. Ibí yìí ló léwu jù fẹ́ni tí kò fara balẹ̀: tí epoxy bá wọ ihò kan lára ẹ̀rọ tó sì gan, ẹ̀rọ àti stock ti di ọ̀kan, àfi kí wọ́n fi ayùn gé e. Amọ̀ ìṣeré àwọn ọmọdé ni wọ́n fi ń dí gbogbo ihò, wọ́n á fi Kiwi tí a fi ń pa bàtà pa irin náà dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì kò pọ̀ jù. Wọ́n á tún lẹ téèpù mọ́ iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ irin kékeré tó ń gba ìtapadà ìbọn, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ló fara tì.

Àwọn kan tún máa ń fín fóòmù tó ń wú sínú ìdí ìbọn. Ó máa ń pa ariwo gbọ̀ngàn gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan ni, kò mú nǹkan kan le, tí wọ́n bá sì fín in jù, á wú stock síta.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti gan tán, ó kéré tán di ọjọ́ kejì, kí wọ́n dè é bí ìwé tó bá ìbọn wá ṣe sọ, kí wọ́n tún fa bébà yẹn, kí wọ́n sì tún awò tò látìbẹ̀rẹ̀ ní pápá ìyìnbọn, torí ibi tí ọta ń bà tẹ́lẹ̀ kọ́ ló máa bà mọ́.