Ilé Alátáyà: Bí Ọkọ̀-Ilé Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Bí Ọgbọ́n Àtúnṣe Rẹ̀ Ṣe Dé Ṣábẹ

Lára ògiri gáráàjì bàbá mi ní Ṣábẹ, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Kútọnu gòkè lọ sí Parakou, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ: 1-4-3-2. Mẹ́rin mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: 1-3-4-2. Tìsàlẹ̀ ni ti Peugeot 404 àti 504, tí kò sí mẹkáníìkì ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n bí orúkọ ìyá tó bí i. Tòkè ni ti Volkswagen tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí, èyí tí àwọn òyìnbó sọ di ilé, tí wọ́n ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ibùsùn, sítóòfù àti ìkòkò ọbẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni ètò bí iná ṣe ń tàn láti sílíńdà kan, ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, dé èkejì. Ẹni tó bá so wáyà Volkswagen bí ẹni ń so ti Peugeot, ilẹ̀ á ṣú bá a lórí ẹ́ńjìnnì tí kò ní í jí.

Bí nọ́ńbà yẹn ṣe dé ara ògiri wa ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, mo sì ní láti gba ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń wá bí òun náà yóò ṣe máa rìn bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù, àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó máa ń ṣí kiri, àti àwọn onísáákọ́ọ̀sì tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ti ń gbé inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tipẹ́. Ọ̀nà àtijẹ ni ìyẹn jẹ́ fún wọn. Ẹni tí ìtàn sábà máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kan irú rẹ̀ fún òun nítorí ìgbafẹ́ ni William Gordon Stables, dókítà tó ti sin àwọn ọmọ ogun ojú omi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó di òǹkọ̀wé. Ní 1885, àwọn akankẹ̀kẹ́ ní Bristol kan án fún un. Ó sọ ọ́ ní Wanderer. Ẹṣin méjì ló ń fà á, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ a sì máa gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ níwájú láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ pé ohun ńlá kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gba ọ̀nà náà lọ títí dé Scotland. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Stables kọ ìrìn àjò náà sínú ìwé.

Lójú tèmi, ìwé yẹn ṣiṣẹ́ ju kẹ̀kẹ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ gbé ènìyàn díẹ̀. Ìwé gbé àwọn tí kò tíì kúrò nílé. Nígbà tó fi di 1907, àwọn tó ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ Caravan Club sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn wọlé. Ọkọ̀ Ford Model T ti wọ́pọ̀, àwọn ènìyàn ń so àgọ́ mọ́ ọn, wọ́n ń sùn lẹ́bàá ọ̀nà. Ní 1919, ní ọgbà ìgbafẹ́ De Soto ní Tampa, ìpínlẹ̀ Florida, àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Tin Can Tourists sílẹ̀. Agolo lásán ni àmì wọn: wọ́n á jó o mọ́ ìdérí rédíétọ̀. Ẹni tó bá rí agolo níwájú ọkọ̀ kan ti mọ̀ pé ará ilé òun nìyẹn, bí ó bá sì bá a níbi tó ti dákú sí, kò gbọdọ̀ kọjá lọ. Ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nínú ìṣòro wà lára ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn sí ìyàtọ̀ yìí, nítorí òun ni okùn tí mo dì mú. Stables dá rìn, ó dá sọ. Àwọn alágolo kó ara jọ, oníkálùkù mú tirẹ̀ wá. Ọ̀nà méjèèjì ni ọgbọ́n ọkọ̀-ilé ti gbà rìn láti ìgbà yẹn, wọn ò sì jọra wọn nínú ohun tí wọ́n lè ṣe fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà.

Ní Jámánì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arist Dethleffs wà, ará Isny. Pàṣán wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun ló sì ń gbé ọjà náà kiri láti tà. Ayàwòrán ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọ̀nà jíjìn máa ya àwọn méjèèjì. Ní 1931, ó kan ilé kékeré kan tí ọkọ̀ ń fà. Ìfẹ́ ló kan án, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1947, Ben Pon, oníṣòwò ọkọ̀ ará Netherlands, fi gègé ya àwòrán kan sínú ìwé àjákọ rẹ̀: àpótí gbọọrọ, awakọ̀ níwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn pátápátá, ẹrù láàárín. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ náà ní oṣù kẹta 1950. Ní 1951, Westfalia, ilé iṣẹ́ tó ti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1844 ní Wiedenbrück, ṣe àpótí kan tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná, tí ènìyàn lè gbé wọ inú ọkọ̀ náà, tó sì lè gbé jáde. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ á kó ẹrù. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á di ilé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọkọ̀ méjì wá rí méjì nínú ẹyọ kan.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó tì díẹ̀. Kò lo omi. Atẹ́gùn ni fáànù ń fẹ́ sí i lára láti tù ú, nítorí náà kò sí rédíétọ̀ tó lè lu, kò sí omi tó lè gbẹ. Fún ẹni tó fẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù àti dáínámò pọ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tó bá ti Peugeot bọ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, á ní kí òun fi dé abúlé iwájú. Kí ó tó dé abúlé iwájú, ẹ́ńjìnnì ti jóná. Ohun kejì: sílíńdà kẹta máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé ohun tó ń tu ọ́ìlì dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe kí 1970 tó pé. Fáàfù tó ń tú èéfín ibẹ̀ jáde ló máa ń kọ́kọ́ jó. Ohun kẹta: wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn àlàfo fáàfù látìgbàdégbà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù bí omi inú àmù.

Kò sí èyí tó ṣòro nínú wọn. Ohun tó le ni pé ẹni tí kò bá sọ fún ọ, o ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan wá jókòó, ó sọ ọ́. Ní 1969, John Muir, ẹnjinníà tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú rí, gbé ìwé kan jáde fúnra rẹ̀ ní New Mexico lórí bí ènìyàn ṣe lè tún Volkswagen rẹ̀ ṣe. Peter Aschwanden ló ya àwọn àwòrán rẹ̀. Ó kọ ọ́ fún ẹni tí kò mú sípánà dání rí, pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tí àgbà ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé tó dé Áfíríkà ì bá má dé ká ní kò kọ ọ́.

Wọ́n sì ń dé. Láti Algeria, wọ́n á gba Tamanrasset, wọ́n á wọ Niger ní ìhà Arlit àti Agadez, wọ́n á sọdá Odò Ọya ní Gaya bọ́ sí Malanville, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ gba Kandi àti Parakou wá. Orí ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń di irin gbọọrọ onílùúhò mọ́, irú èyí tí àwọn ológun ń tẹ́ sílẹ̀ kí bàálù lè balẹ̀ lé e lórí nígbà ogun. Bí táyà bá rì sínú iyanrìn, irin yẹn ni wọ́n á kì sí i lábẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òkè olókùúta Ṣábẹ á ṣàdédé yọ sí wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dúró sùn sí ìsàlẹ̀ òkè náà. Gáráàjì wa sì wà níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Volkswagen bẹ́ẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ bàbá mi, ọdún 1978 ni. Tọkọtaya ará Jámánì ni wọ́n, ọkọ̀ akóṣu ló fà wọ́n dé. Bàbá mi kí wọn kú ọ̀nà jíjìn, ó wá ẹ́ńjìnnì níwájú, kò bá a. Ó ṣí ẹ̀yìn, kò bá rédíétọ̀. Kò bínú, kò sì díbọ́n. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Obìnrin náà mú ìwé àjákọ jáde, ó ya sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ó fi nọ́ńbà sí wọn, ó ka ètò iná wọn sókè ní Faransé. Bàbá mi bu ọ̀dà, ó kọ ọ́ sára ògiri. Fáàfù sílíńdà kẹta ló jó.

Níbo la ti fẹ́ rí fáàfù Volkswagen ní Ṣábẹ? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń ná ọjà Ṣakí ló rántí. Ìjàpá! Ọkọ̀ tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n ti ń to pọ̀ ní Èkó láti 1975, ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń lò. Ọjọ́ kẹsàn-án ni fáàfù náà dé, lórí alùpùpù, láti òdìkejì odò Ọ̀kpárá. Tọkọtaya náà ti ń bá ìyá mi lọ sí oko iṣu nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti ń sọ fún ara wọn pé ẹnìkan wà ní Ṣábẹ tó mọ̀ ọ́n. Bàbá mi fi okùn so ìwé kan kọ́ sára ìṣó, ó ní kí ẹni tó bá kọjá kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti àríwá á kọ ibi tí iyanrìn ti jìn, ibi tí omi wà, kànga tó ti gbẹ. Ẹni tó fẹ́ padà sókè á kà á lábẹ́ igi máńgòrò wa, á sì béèrè èyí tí kò yé e. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ewé rẹ̀ ti gbó, ọ́ìlì ti ta sí i.

Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ará Faransé kan kọ ọ́ pé kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn wọn àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, pé òun ṣe bẹ́ẹ̀ ní Agadez. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan fi gègé mìíràn kọ ọ́ pé rárá, kí wọ́n jẹ́ kó tutù. Lábẹ́ ìyẹn, ẹnìkẹta ní òun gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́, òun sì jó fáàfù kan. Ẹnìkẹrin kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀: ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Ká ní ìwé ẹnìkan ṣoṣo ni, àṣìṣe yẹn ì bá dúró síbẹ̀ títí láé, ì bá sì máa jó fáàfù ẹni ẹlẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe rí lójú, kí ó ka ìtàn ẹni tó dá rìn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kú, ẹnu púpọ̀ ni kí ó wá. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àwọn tó jìn sí kòtò sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè sọ̀rọ̀.

Rògbòdìyàn Algeria àti ti àríwá Niger láàárín 1990 sí 2000 dí ọ̀nà aṣálẹ̀ náà. Àwọn tó ṣì ń bọ̀ yí gba Mauritania, ní etí òkun, iye tó ń dé Ṣábẹ sì já wálẹ̀. Westfalia pàápàá dẹ́kun ṣíṣe ọkọ̀-ilé fún Volkswagen ní 2003.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ni gáráàjì náà báyìí. Nígbà tó ń kun ilé lọ́dún tó kọjá, ó dúró ti akunlé, ó fi táàpù yí nọ́ńbà mẹ́jọ náà ká kí wọ́n má bàa kàn wọ́n. Akunlé ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kun ún, kó lè mọ́." Àbúrò mi ní kó fi í sílẹ̀. Ọmọọṣẹ́ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọn kò rí Volkswagen ẹlẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rí láyé wọn, àmọ́ ó ti ní kí àwọn méjèèjì kọ́ 1-4-3-2 sórí.