Ìpín Ajá: Orísun Ìpápánu àti Ohun Ìṣeré Ajá ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù àti ní Ìlíṣàn lónìí, kò ṣòro kí ènìyàn rí ẹni tó ń ra bisikíìtì ajá nínú páálí, egungun rọ́bà tí ajá lè máa gé jẹ láìgbé e mì, tàbí bọ́ọ̀lù tó ń dún bí ẹyẹ nígbà tí ajá bá tẹ eyín mọ́ ọn. Àwọn tó ń ra nǹkan wọ̀nyí àti àwọn tó ń bá wọn wí pé wọ́n ń náwó dànù sórí ẹranko fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan, pé àṣà òyìnbó ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Páálí nìkan ló ti òkèèrè wá. Àṣà náà fúnra rẹ̀, pé kí olówó ajá mú ohun aládùn sọ́tọ̀ fún ajá rẹ̀, kí ó sì wá nǹkan tí ajá náà yóò fi ṣeré, ti wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Ìjẹ̀bú kí ẹnikẹ́ni níhìn-ín tó mọ ohun tó ń jẹ́ bisikíìtì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pàápàá láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí apá ìlà-oòrùn, títí wọ inú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Omo, tí àwọn ará ibẹ̀ mọ apá kan rẹ̀ sí J4, níbi tí erin ṣì wà títí di òní. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ojú kì í ríran jìnnà. Ẹtu lè dúró sí ìtòsí ọdẹ kí ọdẹ má mọ̀. Imú ajá ló ń mọ̀ ọ́n. Òkété tó wà nínú ihò, ọ̀yà tó sá pamọ́ sínú koríko, ajá ló ń tú wọn síta. Ajá ìbílẹ̀ wa, èyí tí etí rẹ̀ máa ń nà sókè ṣánṣán tí ìrù rẹ̀ sì máa ń ká, kò tóbi, ṣùgbọ́n ó yára, ó sì lè gba abẹ́ igbó tí ènìyàn kò lè gbà. Àwọn àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Iṣẹ́ àjọṣe ni iṣẹ́ ọdẹ, kò sì sí alábàáṣe tó ń ṣiṣẹ́ kí ó má gba ìpín.

Bàbá tó bí ìyá mi jẹ́ ọdẹ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, mo sì rí bó ṣe máa ń pín ẹran. Bí wọ́n bá ti fi iná sun irun ara ẹtu tán, tí wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ họ ọ́ mọ́, bàbá á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, á la ikùn ẹran náà lórí rẹ̀. Kí ìyá àgbà tó gbé abọ́ wá, kí ẹnikẹ́ni tó mú ohunkóhun, bàbá á gé ẹ̀dọ̀fóró sí wẹ́wẹ́, á yan án lórí ẹ̀yinná títí etí rẹ̀ á fi gbẹ, á jẹ́ kí ó tutù, á wá pe ajá rẹ̀. Kì í jù ú sílẹ̀ fún un, ọwọ́ ló fi ń fún un. Ajá náà á jókòó, itọ́ á máa kán lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára ọwọ́ bàbá, síbẹ̀ kò ní fò mọ́ ọn àfi bí bàbá bá ní, “Gbà.” Ọmọ tó bá fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀fóró náà á gbọ́ ìbáwí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ajá yìí á tún jẹ ẹ̀bà àjẹkù bó ṣe ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé: oúnjẹ ni a fi ń dá ẹ̀mí ajá sí, ìpín ni a fi ń yìn ín. Ohun tí àwọn ará ìlú ń pè ní ìpápánu ajá lónìí kò ju ìpín yìí lọ.

Báwo ló ti pẹ́ tó? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Duarte Pacheco Pereira, ọmọ Potogí tó kọ̀wé nípa etíkun ilẹ̀ Áfíríkà, ti dárúkọ Ìjẹ̀bú gẹ́gẹ́ bí ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká. Lára iṣẹ́ yàrà gbígbẹ́ ilẹ̀ yìí ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Erédò Súngbọ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga tó 20 mítà ní àwọn ibì kan. Ìtàn ẹnu so ó mọ́ Bílíkísù Súngbọ́, tí àwọn ènìyàn ń ṣe àbẹ̀wò sí sàréè rẹ̀ ní Òkè-Èrì. Àwọn tó ń kọ̀wé máa ń jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ yàrà náà àti ìdí tó fi gbẹ́ ẹ. Wọn kì í béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ. Odi tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tó gba àárín igbó kọjá, n kò rí bí ènìyàn ṣe lè máa ṣọ́ ọ lóru láìsí ajá. Ó dá mi lójú pé àwọn ọdẹ ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, nítorí wọn ló mọ igbó, àti pé etí ajá wọn ló ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àjèjì kí ti ènìyàn tó gbọ́ ọ.

Mo tún gbà pé níbi ẹnubodè odi wọ̀nyí ni àṣà ìpín ti kúrò lọ́wọ́ ọdẹ nìkan, tó di ti gbogbo ìlú. Ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ajá tó ń ṣọ́ ẹnubodè ní láti mọ ibẹ̀ sí ilé, kò sì sí ohun tó ń mú ajá mọ ibì kan sí ilé bí ohun aládùn tó ń rí jẹ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ru ẹja gbígbẹ bọ̀ láti etí ọ̀sà kò ní ṣàìmú orí ẹja kan fún ajá tó bá ń wò wọ́n, nítorí ajá tó bá ti mọ òórùn ẹnì kan kò tún ní gbó o. Láti ibẹ̀, lójú tèmi, ni orí ẹja ti di ààyò ajá Ìjẹ̀bú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá se ìkókoré nílé, èyí tó bá jó mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí òórùn ẹja ti wọ̀ lára, ajá ni wọ́n ń fi ṣíbí họ ọ́ fún. Etí pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú tó bá le ju ohun tí eyín ènìyàn lè gé náà kì í lọ sórí ààtàn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọ́n ń ta awọ màlúù gbígbẹ fún ajá láti máa gé jẹ.

Ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ orúkọ ajá kún un níhìn-ín, nítorí ó so mọ́ ìpín. Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tó ní ohun tó fẹ́ sọ fún aládùúgbò tí kò sì fẹ́ ìjà lè sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ṣebíotimọ, kí ó sì máa fi orúkọ náà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ènìyàn máa ń pe ajá tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ojúlé á fi gbọ́? Ìgbà tó bá ní ohun tó fẹ́ fún un ni. Bí olówó ajá bá mú egungun lọ́wọ́, tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tó ń ké pe Ṣebíotimọ, ajá á sáré wá gba egungun, aládùúgbò náà á sì gba tirẹ̀. Bí kò bá sí ìpín, àṣà orúkọ yìí ìbá má rí ẹsẹ̀ dúró.

Àwọn kan ní Rẹ́mọ ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni àwọn ènìyàn ti kọ́ bí a ṣe ń kẹ́ ajá. Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlú mélòó kan ló kóra jọ di Ṣágámù ní 1872, wọn kò sì lè ṣí wá láìkó ajá ọdẹ wọn dání. Àwọn ará Èkó ní tiwọn ń sọ pé àwọn Sàró, àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, ló kó o dé. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí a dáhùn ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹran Ògún ni ajá, a kì í sì í kẹ́ ohun tí a fẹ́ fi bọ òrìṣà. Òótọ́ ni pé Ògún ń jẹ ajá. Ṣùgbọ́n òrìṣà àwọn ọdẹ ni Ògún, kò sì sí ẹranko tó sún mọ́ ọdẹ bí ajá. Nítorí pé ajá níyì lójú àwọn tó ń bọ Ògún ni a ṣe ń mú un lọ síwájú rẹ̀.

Ní ti ohun ìṣeré, ẹ̀kọ́ ọdẹ ló bí i. A kì í ṣàdédé mú ọmọ ajá wọ igbó. Bàbá àgbà máa ń so awọ òkété mọ́ ìdí okùn, á ní kí àwa ọmọdé máa sáré wọ́ ọ káàkiri ẹ̀yìnkùlé kí ọmọ ajá máa lé e. Bí ó bá gbá a mú, a kì í já a gbà lẹ́nu rẹ̀ kíákíá. A máa ń jẹ́ kí ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kí ó mọ̀ pé òun ti borí. Nígbà tí awọ yẹn bá gbó, bàbá á wá òmíràn, ọmọ ajá á sì tún máa yọ̀ bí ẹni pé kò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo okùn alárànpọ̀ tí wọ́n ń tà fún ajá láti máa fà lónìí, iṣẹ́ awọ òkété yẹn náà ni wọ́n ń ṣe.

Rọ́bà ló yí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é padà, igbó wa sì lọ́wọ́ nínú ìyẹn pẹ̀lú. Charles Goodyear, ọmọ Amẹ́ríkà, ló rí i ní 1839 pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, kì í rọ̀ nínú oòrùn mọ́, kì í sì í le gbagidi nínú òtútù. Láti ìgbà náà ni ayé ti ń wá rọ́bà kiri. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, àwọn tó ń kọ igi irẹ́, igi tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà, lára rọ́ wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá, títí tí rọ́bà tó gba Èkó lọ sí òkè òkun ní 1895 fi wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lórí òṣùwọ̀n. Wọ́n kọ àwọn igi náà títí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi kú. N kò rò pé mo ṣàṣejù bí mo bá sọ pé nínú àwọn bọ́ọ̀lù tí ajá àwọn ará London ń lé kiri nígbà náà, oje igi ilẹ̀ wa wà nínú wọn. Nígbà tí oko rọ́bà gbígbìn dé sí apá etí omi Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń fa oje tó gbẹ lára igi ní tínrín-tínrín, wọ́n ń ká a jọ títí á fi di bọ́ọ̀lù, ajá ilé sì ń bá wọn lé e.

James Spratt ni àwọn ìwé òyìnbó fi ṣe baba ìpápánu ajá. Ará Ohio ni, ó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ta ọ̀pá adènà mànàmáná, wọ́n sì ní ó rí àwọn ajá ní èbúté tí wọ́n ń jẹ bisikíìtì líle tí àwọn atukọ̀ dà nù. Ní nǹkan bí 1860 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta bisikíìtì tí wọ́n fi àlìkámà, ewébẹ̀ àti ẹran ṣe fún ajá. Charles Cruft, tó bá ilé iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́, ló dá ìfihàn ajá tó ń jẹ́ Crufts sílẹ̀ ní London ní 1891. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ní 1861 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣì wà ní títì, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà fún ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ sí i. Bisikíìtì Spratt kò lè jẹ́ olùkọ́ fún ẹni tí kò rí i. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé lónìí, ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń yan ẹ̀dọ̀fóró màlúù gbẹ, wọ́n ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, wọ́n sì ń tà á lówó iyebíye fún àwọn tó ń kọ́ ajá.

Ìyókù kò gba àkókò láti sọ. Bisikíìtì ajá tó ń jẹ́ Milk-Bone jáde ní New York ní 1908. Ní àwọn ọdún 1970, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Joe Markham, rí i pé ajá rẹ̀ ń fi eyín gé òkúta, ó fún un ní rọ́bà kan láti ara ọkọ̀, ohun ìṣeré tó ń jẹ́ Kong sì ti ibẹ̀ jáde. Nílẹ̀ wa, ìbẹ̀rù olè mú kí àwọn ènìyàn máa ra ajá Jámánì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í sin àwọn ajá kéékèèké onírun gígùn, íntánẹ́ẹ̀tì sì kó gbogbo ìyókù dé.

Láti 2023 tí owó náírà ti já wálẹ̀ gan-an, ohun inú páálí ti kọjá agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀, mo sì ń rí àwọn tó ń padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran láti ra ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n gé e tínrín, kí wọ́n yan án láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì. Kí wọ́n má ṣe fún un ní egungun adìẹ tó ti jiná, torí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá wọ́n, orí ẹja gbígbẹ ṣì wà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí wọ́n yọ ẹ̀gún rẹ̀, kí wọ́n gún ìyókù nínú odó, kí wọ́n sì fún un díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́.