Ọkọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ ní kọ́nà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò kan tó ń wa Toyota Corolla 2005 láàrin Àkúrẹ́ àti Ìdànrè ló bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Ó fẹ́ náwó sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn sípíríńgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn irin tó di táyà mú, kó lè máa gba kọ́nà dáadáa. Mo kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń náwó síbi tí kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ná an sí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo bá wọ kọ́nà lójú ọ̀nà Ìdànrè, ọkọ̀ mi á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn á di ilẹ̀kùn mú. Ṣé sípíríńgì tó le ni kí n rà?

Kò tíì kan sípíríńgì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá yí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ ṣì fẹ́ máa lọ tààrà. Táyà ló ń fi tipátipá fà á wọ inú kọ́nà. Ilẹ̀ ni táyà ti ń fà á, òkè sì ni ìwúwo ọkọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi ń kúrò lórí táyà inú kọ́nà bọ́ sórí táyà ìta. Ohun tó ń pinnu bí ẹrù tó ń ṣí ṣe pọ̀ tó ni eré tí ò ń sá, bí kọ́nà náà ṣe ká tó, bí ìwúwo ọkọ̀ ṣe ga tó, àti bí táyà ọ̀tún ṣe jìnnà sí ti òsì. Sípíríńgì kò sí nínú wọn. Kódà bí o bá yọ sípíríńgì, tí o fi irin gbọọrọ rọ́pò rẹ̀, ẹrù náà á ṣì ṣí. O kàn ò ní rí i kí ọkọ̀ tẹ̀ ni.

Eré ló lágbára jù nínú gbogbo wọn. Bí o bá ń fi 60 kìlómítà ní wákàtí gba kọ́nà kan, tí o wá sọ ọ́ di 80, eré rẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé, ṣùgbọ́n agbára tó ń ti ọkọ̀ síta á fi nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Kò sí irin tí mẹkáníìkì lè bọ́ọ̀tì mọ́ ọkọ̀ tó lè san gbèsè yẹn.

Ìbéèrè: Bí ẹrù á bá ṣí bákan náà, kí ló wá burú nínú kí ọkọ̀ tẹ̀?

Ohun tí títẹ̀ ń ṣe sí táyà ló burú. Iwájú Corolla rẹ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní MacPherson: ojú kan náà ni ṣọ́ọ̀kì àti sípíríńgì wà, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló sì di táyà mú kó dúró ṣánṣán. Earle MacPherson, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀. Ford Consul àti Zephyr tó jáde ní England ní 1950 wà lára àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó. Kò gba àyè, kò sì wọ́nwó, ìyẹn ló fi wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí à ń wà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ara ọkọ̀ bá tẹ̀, táyà ìta á tẹ̀ lé e, á wá máa fi etí rẹ̀ rin dípò kó fi gbogbo ojú rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Lọ wo táyà iwájú rẹ. Bí etí ìta bá ti jẹ ju etí inú lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí mò ń sọ yìí ló jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Wá ohun tí wọ́n ti yọ kúrò lára ọkọ̀ náà. Gbé e sókè, kí o wo líńkéèjì stabilizer. Stabilizer ni irin gígùn tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Bí ọkọ̀ bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin náà á lọ́, á sì máa ja ìjà títẹ̀ náà. Líńkéèjì kékeré méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló so ó mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Ihò àti gegele ojú ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí líńkéèjì pẹ́. Tó bá ti jẹ, á máa dún kò-kò-kò. Àwọn mẹkáníìkì kan á yọ ọ́ sọnù pátápátá. Ariwo á dákẹ́, ẹni tó ni ọkọ̀ á dúpẹ́, á sanwó. Lójú ọ̀nà tó tọ́, kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Ọjọ́ tó bá sáré wọ kọ́nà ló máa mọ̀, kò sì ní mọ ohun tó fà á. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí líńkéèjì wà lára ohun tówó rẹ̀ kéré jù nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí wọ́n sọ fún onítọ̀hún kó lọ ra òmíràn.

Lẹ́yìn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ rò pé ṣọ́ọ̀kì ló gbé ọkọ̀ dúró. Sípíríńgì ló gbé e. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó má jẹ́ kí sípíríńgì máa fò: òróró inú rẹ̀ ń gba ojú ihò tóóró kọjá, agbára tí ọkọ̀ ì bá fi fò á sì di ooru. Tẹ igun ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀, kí o fi í sílẹ̀ lójijì. Tó bá dìde tó sì dúró, ó dáa díẹ̀. Tó bá ń fò lọ fò bọ̀, ṣọ́ọ̀kì náà ti kú. Wo ara rẹ̀ pẹ̀lú bóyá òróró ti jò sí i. Nínú kọ́nà tó ní gbágungbàgun, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú máa ń jẹ́ kí táyà fò kúrò nílẹ̀, táyà tí kò sì kanlẹ̀ kò lè yí ọkọ̀. Méjì-méjì ni kí o máa pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Ní tèmi, mi ò ní ra tòkunbọ̀ ṣọ́ọ̀kì, bó ti wù kó dán tó.

Kí o wá wo bọ́ọ̀ṣì lower arm, irin apá ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Rọ́bà ni bọ́ọ̀ṣì yìí, òun ló di apá náà mú. Tó bá ti ya, táyà á máa yí ojú padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ìwọ á máa rò pé ìtọ́kọ̀ ló ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Ball joint ńkọ́, oríkèé tó so lower arm mọ́ ẹsẹ̀ táyà? Tó bá ti ń mì, má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Tó bá já, táyà á ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀.

Ìbéèrè: Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ fi rọ́bà há àárín sípíríńgì kó lè ga, nítorí ihò. Ṣé kí n yọ ọ́?

Yọ ọ́. Mo mọ ohun tó ń lé wọn débẹ̀: ihò ń gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀, owó sípíríńgì tuntun ò sì sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwúwo bá ṣe ga sí i ni ẹrù tó ń ṣí ní kọ́nà ń pọ̀ sí i. Rọ́bà náà sì ń há àwọn òrùka kan mọ́, ẹsẹ̀ kan lè wá le ju èkejì lọ. Bí ọkọ̀ bá ti rẹlẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́ lọ, sípíríńgì rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ra irú tirẹ̀ gan-an.

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, ní kí n gé sípíríńgì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, pé ìgbà náà ló máa gbá ilẹ̀ mú.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, ẹrù tó ń ṣí lára rẹ̀ kéré, sípíríńgì tí wọ́n gé náà sì máa ń le sí i, torí bí òrùka tó ń ṣiṣẹ́ bá ṣe dín kù ni líle rẹ̀ ń pọ̀. Àmọ́ iná tí wọ́n fi ń gé e ń ba agbára irin náà jẹ́, ojú ibi tí wọ́n gé kì í sì í jókòó dáadáa mọ́ nínú àwo rẹ̀. Bí táyà bá já sínú ihò, tí ẹsẹ̀ sì nà gbọọrọ, sípíríńgì náà lè yẹ̀ kúrò ní ìjókòó rẹ̀.

Ohun tí wọn ò sọ fún ọ ló tún wúwo jù. Nínú MacPherson, lower arm gbọ́dọ̀ dà wálẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà táyà. Bí o bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ jù, apá yẹn á di gbọọrọ, tàbí kó tilẹ̀ máa kọjú sókè. Ojúkò tí ara ọkọ̀ ń yí lé lórí nígbà tó bá ń tẹ̀ á wá wálẹ̀ ju bí ìwúwo ṣe wálẹ̀ lọ, àlàfo àárín wọn á fẹ̀ sí i, ọkọ̀ á sì tún fẹ́ tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré ìdíje máa ń lo ball joint tí ọrùn rẹ̀ gùn láti dá apá yẹn padà síbi tó yẹ. Ṣọ́ọ̀kì náà ò tún ní àyè láti rìn mọ́: gegele kékeré kan nínú kọ́nà, á lọ gbá rọ́bà ìdádúró, ẹsẹ̀ á le gbagidi lójijì, táyà á sì yọ̀. Lójú ọ̀nà tiwa, gegele inú kọ́nà kì í wọ́n.

Tó bá jẹ́ pé dandan ni kó wálẹ̀, ra sípíríńgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ara wọn, kó má sì ju sẹ̀ntímítà 2 sí 3 lọ. Ní Àkúrẹ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o fi gíga rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èyí ló rú mi lójú jù. Wọ́n ní tí mo bá fi stabilizer tó nípọn sí ẹ̀yìn, iwájú ni yóò máa yà dáadáa. Báwo ni ẹ̀yìn ṣe ń tún iwájú ṣe?

Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o béèrè. Ìwà táyà ló ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹrù orí táyà bá pọ̀ sí i, bó ṣe ń di ilẹ̀ mú náà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí ẹrù ṣe pọ̀. Bí àpò gaàrí ni: ẹni méjì tó pín in gbé á rìn jìnnà ju kí ẹnì kan ru èyí tó pọ̀ jù, kí èkejì máa ju ọwọ́ dànù.

Ká fi iye ṣe é, iye àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe ti táyà kankan. Táyà iwájú méjèèjì gbé kìlógíráàmù 300, 300, wọ́n sì lè fi agbára 300, 300 di ilẹ̀ mú: 600 lápapọ̀. Nínú kọ́nà, ọ̀kan gbé 500, èkejì ṣẹ́ ku 100. Èyí tó gbé 500 lè mú 450 péré wá, èyí tó gbé 100 mú 105 wá: ó di 555. Ẹrù kò dín kù, síbẹ̀ agbára 45 ti bọ́ sọnù, kìkì nítorí pé wọn ò pín in dọ́gba.

Gbogbo ẹrù tó ń ṣí nínú ọkọ̀, iwájú àti ẹ̀yìn ló jọ ń pín in. Nínú àwọn méjèèjì, èyí tó bá le jù nínú ìjà títẹ̀ ló máa ń gba ẹrù tó pọ̀ jù. Tí o bá mú ẹ̀yìn le, ẹ̀yìn á gba púpọ̀ sí i, iwájú á sì fúyẹ́. Ká ní iwájú wá di 450 àti 150. Wọ́n lè mú 415 àti 155 wá, ìyẹn 570. Iwájú ti rí nǹkan gbà padà.

Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń fi táyà iwájú wọ́, bíi tìrẹ, iwájú yìí ló gbé ẹ́ńjìnì, òun ló ń fa ọkọ̀, òun ló tún ń yí i. Òun ló ń kọ́kọ́ sú: o yí ìtọ́kọ̀, imú ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ẹ̀yìn kò rí iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe, ó lè fi díẹ̀ ta iwájú lọ́rẹ. Tí o bá wá lọ ra stabilizer iwájú tó nípọn jù, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, títẹ̀ á dín kù, inú rẹ á dùn, ṣùgbọ́n imú á túbọ̀ kọ̀ láti yà.

Ẹ̀yìn Corolla rẹ jẹ́ torsion beam, irin ìdábùú kan tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Irin yẹn fúnra rẹ̀ ń lọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ stabilizer. Èyí tí wọ́n ń tà máa ń jẹ́ irin àfikún tí wọ́n bọ́ọ̀tì mọ́ ọn kó lè le sí i. Má ra èyí tó nípọn jù. Bí ẹ̀yìn bá le jù, lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀ tí òróró àti eruku ń ṣomi lójú títì, tí o bá já ẹsẹ̀ kúrò lórí accelerator láàárín kọ́nà, ìdí ọkọ̀ ni yóò fẹ́ ṣáájú. Imú tó ń kọ̀ láti yà, ẹnikẹ́ni lè dín eré kù fún un. Ìdí tó ń gbá, àwọn díẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú un.

Ìbéèrè: Táyà ńkọ́? Ṣé kí n ra èyí tó fẹ̀?

Táyà tó dáa ṣáájú gbogbo irin tí mo ti dárúkọ. Kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT tí wọ́n kọ sára táyà, 2319 fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Rọ́bà tó ti gbó á le, kò ní di ilẹ̀ mú, bí ihò ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìn.

Ní ti fífẹ̀, tí táyà 195/65R15 (fífẹ̀ mílímítà 195, rímù íńṣì 15) bá wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ, 205/55R16 fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o géérégé, mílímítà 632 sí 634.5, nítorí náà kò ní da ìwọ̀n eré ojú díáṣì rú. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀gbẹ́ táyà á bọ́ láti nǹkan bí mílímítà 127 sí 113. Á tètè dáhùn sí ìtọ́kọ̀. Ihò náà á sì tètè rí rímù rẹ. Mo fara mọ́ rímù 15.

Fún afẹ́fẹ́, ìwé tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí o tẹ̀ lé, kì í ṣe ọwọ́ fọkanáísà. Àwọn kan máa ń fún un dé 40 psi. Nǹkan bí 32 psi ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń fẹ́. Òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná, ni kí o wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè: Alignment, títo ojú táyà, ńkọ́?

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe ni, kì í ṣe ṣáájú. Bí orí táyà iwájú bá fà sínú díẹ̀, bíi digírì 1, táyà ìta á tẹ ilẹ̀ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀. Camber ni wọ́n ń pe fífà yẹn, camber bolt ni wọ́n sì fi ń ṣe é lórí irú ọkọ̀ rẹ. Má jẹ́ kó kọjá digírì 1 àbọ̀. Toe, bí táyà méjèèjì ṣe kọjú síra wọn, jẹ́ kó wà níbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí, torí toe tó yẹ̀ ló ń jẹ táyà jù.

Ìbéèrè: Ìkẹyìn. Mo ti pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì lower arm rí, kò pẹ́ tó fi ya. Ṣé ayédèrú ni?

Ó lè jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọkọ̀ wà nígbà tí wọ́n ń fún bọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì ti lẹ̀ mọ́ irin. Kì í yí, lílọ́ ló máa ń lọ́. Bí wọ́n bá fún bọ́ọ̀tì pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ ń so rọ̀ wálẹ̀, lílọ́ ni rọ́bà náà á ti wà láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, kódà níbi tí o pa á sí lálẹ́. Ihò àkọ́kọ́ tó bá jìn á fà á ya. Sọ fún mẹkáníìkì kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ dè é, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kó ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè jókòó, kó tó wá fi sípánà pa á.