Ìyípo agbára mágínẹ́ẹ̀tì oòrùn

Agbára mágínẹ́ẹ̀tì oòrùn kì í dúró sójú kan: ó ń lọ sókè, ó ń rọlẹ̀. Lílọ àti bíbọ̀ yìí ni à ń pè ní ìyípo. Èyí tí a mọ̀ jù lọ ń gba nǹkan bí ọdún 11, àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀mí èèyàn kan kò lè gùn tó láti rí òpin wọn. Àmì dúdú tó máa ń yọ lójú oòrùn ni a fi ń dá a mọ̀. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì le púpọ̀ níbẹ̀, kì í jẹ́ kí ooru inú ráyè jáde, nítorí náà ibẹ̀ tutù ju àyíká rẹ̀ lọ.

Apoògùn kan ní Dessau, ní Jámánì, Samuel Heinrich Schwabe, ló kọ́kọ́ fura. Láti 1826 ló ti ń wo oòrùn ní gbogbo ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, torí ó ń wá pílánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n rò pé ó sún mọ́ oòrùn ju Mercury lọ. Kò rí i. Àmì dúdú tó ń kà ló wá so èso: ní 1844 ó kéde pé wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń dín kù, ní bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Rudolf Wolf, ọmọ Switzerland, ló ṣètò kíkà wọn. A ó ka agbo tí àmì kó ara wọn jọ sí, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, a ó sì fi iye àmì gan-an kún un. Bí agbo bá jẹ́ 3, tí àmì jẹ́ 12, iye ọjọ́ náà di 42, kí a tó gbé awò tí wọ́n fi wò ó yẹ̀ wò. Wolf bẹ̀rẹ̀ ìyípo kìíní láti 1755. Ìyípo 25 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2019.

George Ellery Hale, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1908, ní ibùdó ìwòràwọ̀ Mount Wilson ní California, pé mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nídìí àwọn àmì náà. Lẹ́yìn náà ló hàn pé àríwá àti gúúsù mágínẹ́ẹ̀tì wọn ń gbapò ara wọn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ọdún 22 ni ohun gbogbo tó padà sí bó ṣe wà.

Láti 1645 sí 1715, àmì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Àwọn kan rò pé bóyá wọn kò wò ó dáadáa nígbà náà ni, ṣùgbọ́n ní 1976 Jack Eddy, onímọ̀ nípa oòrùn ará Amẹ́ríkà, mú igi wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ìtànṣán tó ń ti òfurufú jíjìn wá máa ń kọlu afẹ́fẹ́ wa, ó sì ń dá kábọ́ọ̀nù-14, irú kábọ́ọ̀nù kan tó ṣọ̀wọ́n, sílẹ̀. Igi ń fà á símú, ó sì ń tì í mọ́ inú òrùka tó hù lọ́dún náà. Nígbà tí oòrùn bá lágbára, ó ń dí ìtànṣán náà lọ́nà. Tó bá rọ̀, ìtànṣán ń ráyè wọlé, kábọ́ọ̀nù-14 á sì pọ̀. Bẹ̀rílíọ́ọ̀mù-10, tí ìtànṣán náà tún ń dá sílẹ̀, ń bá òjò dídì bọ̀ sílẹ̀, yìnyín Greenland àti Antarctica sì ń pa á mọ́. Àkọsílẹ̀ igi àti yìnyín yìí ni a fi lè ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ti awò awọ̀nàjíjìn kò ju nǹkan bí 400 ọdún lọ.

Inú wọn ni a ti rí ìyípo de Vries, tó tó nǹkan bí ọdún 210. Ti Gleissberg, tó wà láàárín ọdún 80 sí 100, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti ọdún 11, nítorí gígùn rẹ̀ ń yí padà. Nígbà tí ìyípo 24 dé góńgó ní oṣù Kẹrin 2014 tí kò sì ga, àwọn kan sọ pé ìsàlẹ̀ ìyípo Gleissberg ló dé. Ìyípo 25 ti ga jù ú lọ.