Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Èkó: ta ló ni ín, ìwé wo ló sì fi hàn?

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba Èkó wó àwọn ilé ìtajà kan nínú ọgbà Trade Fair ní Ọ̀jọ́. Ìjọba ní wọn kò gbàṣẹ ìkọ́lé; àwọn oníṣòwò ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn alákòóso ọgbà sì ti fún àwọn láṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ lójú.

Ṣé onílẹ̀ kò lè kọ́ ohun tó wù ú ni?
Kò lè. Ilẹ̀ lọ́tọ̀, ìkọ́lé lọ́tọ̀. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú àti àṣẹ ìkọ́lé wà.

Mo ní C of O, ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀ tí Gómìnà ń fọwọ́ sí. Ṣé ilẹ̀ ti di tèmi títí láé?
Rárá. Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Ẹ̀tọ́ ìlò ni C of O fún yín, ọdún 99 ló sì wọ́pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i: ọdún náà kì í bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbà tí ẹ bá rà á. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1985, tí ẹ rà á ní 2025, 59 péré ló kù. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ní kí a fi ilẹ̀ náà ṣe. Bó bá jẹ́ ilé gbígbé, ẹ gba àṣẹ ìyípadà ìlò kí ẹ tó kó bíríkì dé.

Ìyọ̀ǹda Gómìnà ńkọ́?
Bí ẹni tó ní C of O bá tà fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á. Rìsíìtì àti ìwé àdéhùn nìkan kò tó.

Ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n fẹ́ tà fún mi.
Olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni kó fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló tà, àwọn tó kù lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e.

Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò?
Ẹ mú awọnlẹ̀ tí ẹ fúnra yín yàn lọ síbẹ̀, kó wọn igun ilẹ̀ lójú yín. Ẹ má jẹ́ kó da nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí igun ilẹ̀ wà kọ láti inú sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀) ẹni tó ń tà: sọ́fè lè jẹ́ ojúlówó, kó jẹ́ ilẹ̀ mìíràn ló ń sọ. Nọ́ńbà tuntun ni yóò gbé lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ní Alàúsá, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀. Kí lọ́yà yín náà wo ìwé ìforúkọsílẹ̀: orúkọ ta ló wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ti fi yáwó ní báńkì?

Ọmọ onílẹ̀ ní kí n san owó ìpìlẹ̀.
Òfin Èkó ti 2016 kà á léèwọ̀.

Mo kàn háyà ṣọ́ọ̀bù ni. Kí ló kàn mí?
Ọjà yín ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí lánlọ́ọ̀dù fi ìwé àṣẹ ìkọ́lé hàn yín, kí ẹ sì fi iye àjà tó wà nínú ìwé wé èyí tó wà nílẹ̀.