Bí Omi Òkun Ṣe Ń Ṣọ́ Odi Takamatsu

Odi kan wà ní Takamatsu, ní erékùṣù Shikoku ní Japan, tó jẹ́ pé omi òkun gan-an ló wà nínú yàrà rẹ̀. Ikoma Chikamasa ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1588, lẹ́yìn tí Toyotomi Hideyoshi, ọ̀gá ogun tó ń ṣàkóso Japan nígbà yẹn, fi í jẹ olórí ìpínlẹ̀ Sanuki.

Òkun fúnra rẹ̀ ló dá ààbò bo ìhà àríwá. Ní ìhà yòókù, wọ́n gbẹ́ yàrà ní ìpele mẹ́ta, wọ́n sì la ojú wọn sí òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún, tó sì ń fà. Bó bá kún, omi á ya wọ yàrà. Bó bá ń fà, omi á fẹ́ bá a lọ. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn omi nìyẹn: bí wọ́n bá tì í, yàrà ò ní gbẹ, bí wọ́n bá ṣí i, omi tuntun á wọlé. Bó bá jẹ́ omi odò ló kún yàrà, ọ̀tá lè darí odò gba ibòmíràn. Ta ló fẹ́ darí òkun? Hideyoshi sì mọ ọgbọ́n omi dáadáa: ní 1582 ó dí odò kan, ó fi omi rẹ̀ ká odi mìíràn mọ́. Takamatsu ni ìyẹn náà ń jẹ́, àmọ́ ìpínlẹ̀ Bitchu ló wà, ní òdìkejì òkun.

Ilé gogoro tó jẹ́ ọkàn odi náà dá dúró láàárín omi. Afárá onígi kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ìyókù. Bí nǹkan bá le, kí wọ́n gé e ló kù. Ẹnubodè kan, Mizute Gomon, ṣí sójú òkun tààrà kí ìjòyè lè ti ibẹ̀ wọkọ̀. Ilé ìṣọ́ Tsukimi, tí ìdílé Matsudaira, tó gba odi náà lẹ́yìn ìdílé Ikoma, kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1676, ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọkọ̀ tó ń wọlé.

Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ogun ò dán an wò. Nígbà tí ọmọ ogun ọba Japan dé ní 1868, ńṣe ni àwọn tó ni odi náà túúbá. Ilé gogoro náà ti gbó nígbà tó yá, wọ́n sì wó o ní 1884. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ilẹ̀ dí etíkun, Mizute Gomon wá kọjú sí títì. Síbẹ̀, omi òkun ṣì ń gba ilẹ̀kùn omi wọlé, ẹja òkun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú yàrà, àwọn àlejò sì ń ra oúnjẹ jù sí wọn.