Ta ló ń ti tírélà ṣubú ní kọ́nà?

Tírélà kan tún dojú dé ní kọ́nà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ìròyìn sì ní ọkọ̀ kankan ò kọlù ú. Ìbéèrè ò dáwọ́ dúró látìgbà náà.

Ṣé atẹ́gùn ló gbé e ṣubú ni?

Kò dìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Eré tí ọkọ̀ fi wọ kọ́nà ti tó.

Ṣùgbọ́n tí dáńfó bá ń yà, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń tì mí síta. Kí nìyẹn?

Kò sẹ́ni tó tì yín. Ohun tó bá ti ń lọ, tààrà ló máa ń lọ, àfi tí ipá kan bá yà á. Isaac Newton tẹ òfin yìí jáde lọ́dún 1687. Tí dáńfó bá yà sósì, ara yín ṣì ń lọ tààrà ní tiẹ̀, títí èjìká ẹni tó jókòó tì yín tàbí ara ọkọ̀ á fi mú yín yà. Ọkọ̀ ló wá bá yín.

Ẹ wo Zangbeto, eégún àwọn Ègùn tó ń fi ìko bora, nígbà tó bá ń pòòyì. Ìko ara rẹ̀ á fẹ̀ bí agboòrùn, èèyàn á sì rò pé nǹkan ń tì í síta. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìko kọ̀ọ̀kan fẹ́ lọ tààrà. Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ló ń fà á wọlé, ìfà yẹn ló sì ń mú un yí. Bí ọ̀kan bá já, ibi tó dorí kọ lásìkò tó já ni yóò gbà lọ, bí òkò ṣe ń kúrò nínú kànnàkànnà.

Kí ló wá ń fa ọkọ̀ wọlé?

Táyà tó di ọ̀dà mú. Òjò, iyanrìn, epo tó dà sílẹ̀ àti táyà tó ti jẹ tán ló ń ba ìdìmú yẹn jẹ́.

Eré wo ló pọ̀ jù?

Ibí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tí ọkọ̀ nílò láti yà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní kọ́nà kan jẹ́ apá òbìrí tí àárín rẹ̀ fi mítà 50 jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan nílò ipá tó tó ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀. Tó bá sá 80, ipá náà á tó gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Tírélà tó gbẹ́rù ga ò lè gba ìdajì ìyẹn kó má dojú dé, torí ilẹ̀ ni táyà ti ń fà á, ẹrù òkè sì fẹ́ máa lọ tààrà. Ti tánkà tí kò kún tún burú sí i: epo inú rẹ̀ á rọ́ lọ sápá ìta.

Tí mo bá ti wọ kọ́nà tán, ṣé kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Ìdìmú táyà kan náà ló ń mú ọkọ̀ yà, òun náà ló ń dá a dúró. Tí bíréèkì bá gbà á tán, ọkọ̀ ò ní yà mọ́. Ẹ dín eré kù kí kọ́nà tó dé.

Àwa tó ń wọ Márúwá ńkọ́?

Táyà kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, ó sì tètè ń ṣubú. Ẹ sọ fún dírẹ́bà kó rọra yà. Tí tírélà bá ń yí ráńdábáòtù, ẹ má wà lápá ìta rẹ̀, ibẹ̀ ló ń ṣubú sí. Ẹ dúró kó kọjá.